Ẹ Jẹ́ Kí Àkọ́bí Ráyè Kàwé

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, oṣù Karùn-ún kì í ṣe oṣù ìsinmi fún òbí. Ọmọ àárín ń béèrè aṣọ tí yóò fi yan ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ 27. Ooru ń mú ìkókó, ó ń ké. Àkọ́bí ń ṣe ìdánwò WAEC. Ta sì ni a ń rán ní gbogbo iṣẹ́? Àkọ́bí náà ni, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Bí a bá wà ní ilé, ìyá àgbà ni ìbá pọn ọmọ. Ní Kánò níhìn-ín ńkọ́? Èmi pàápàá jẹ̀bi: ẹ̀yìn ọmọbìnrin mi ni àbúrò rẹ̀ ń sùn sí nígbà tí ó ń ka ìwé ìdánwò. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gba ọmọ náà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.