Wíwo Fíìmù Àjẹ́ Nínú Ilé

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé fíìmù “Ayé” jáde ní ọdún 1979, inú gbọ̀ngàn ni èrò ti wò ó. Bí àjẹ́ bá yọjú, wọn a jọ figbe ta. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dá a wò lóru nínú ilé olódi gíga ní GRA Ìkẹjà kò rí ẹni tí yóò bá a pín ẹ̀rù náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá àgbà ni yóò máa fura sí. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ti mú kí a fìyà jẹ ọ̀pọ̀ arúgbó tí kò ṣẹ̀. Síbẹ̀, kí a má ka fíìmù náà léèwọ̀. Ìyá àgbà gan-an ni kí ó jókòó ti ọmọ náà. Òun ti wò ó nígbà èwe rẹ̀, ó mọ ibi tí èrò gbé rẹ́rìn-ín.