Ìkòkò Tí Kò Ní Ìwé

 

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni a mú wá. Kì í ṣe pé a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín, kí ẹni tí ó bá kà á lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ mọ̀ pé oríṣiríṣi ohun èlò àlòkù ni ó ń ti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu wọlé. Láàárín irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ìkòkò kan rà. Àwọn Faransé ń pè é ní mijoteuse. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní ìkòkò oníná-jẹ́jẹ́. Ìkòkò amọ̀ dídán ni ó wà nínú rẹ̀, irin tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni ó yí i ká, dígí sì ni ọmọrí rẹ̀. A máa se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, láìsí ẹni tí ń rò ó. Ẹni tí ó tà á fún wa kò ní ìwé tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò ó. Kìkì 0, 1 àti 2 ni a kọ sí ibi tí a ti ń yí i. Àwa tí a ti kàwé Faransé títí dé sẹ́mínárì sọ fún ara wa pé, ìkòkò lásán ni, kí ni a fẹ́ fi ìwé ṣe?

Ní ọjọ́ kejì, a ra ẹ̀wà pupa ńláńlá, irú èyí tí ó rí bíi kíndìnrín. A ṣàn án, a dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi, àlùbọ́sà, tòmátì àti epo, a yí i sí 1, a sì bá iṣẹ́ wa lọ. Màmá wa, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó ní: «Ọmọ mi, ẹ̀wà tí n kò gbọ́ kí ó hó, n kò ní fi sẹ́nu o.» A rẹ́rìn-ín. A ní: «Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ayé ti yí padà.»

Nígbà tí ó di alẹ́, ẹ̀wà náà ṣì le díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ, wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí méjì tí èébì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń bì léraléra, inú sì ń run wọ́n. Òru ni a gbé wọn tọ dókítà lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wá ni pé, kí ni wọ́n jẹ, báwo ni a sì ṣe sè é? Ìtìjú mú wa bí a ti ń dáhùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara wọn ti balẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí a kọ́ yé yín dáadáa. Oró kan wà nínú ẹ̀wà pupa yẹn. Bí kò bá jinná, hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún péré lè kó ìyọnu bá ènìyàn. Omi tí ń hó yéye ni ó ń pa oró náà. Bí ooru rẹ̀ kò bá ju 80°C lọ, oró náà tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹ̀wà tútù lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é lórí iná gidi, kí ó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wọ ìkòkò oníná-jẹ́jẹ́. Ẹ̀wà kéékèèké tiwa kò ní oró yìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Màmá wa kò mọ orúkọ oró náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oúnjẹ mìíràn wà tí a kì í fi ojú kékeré wò. Ta ni ó kọ́ àwọn ìyá wa láti rin gbágùúdá, láti fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó yan gààrí? Ta ni ó kọ́ wọn láti se irú láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀? Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

A wá jókòó ti Màmá, a tún ìkòkò náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Èkíní, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí a bá kọ 220–240 V síbẹ̀, ó bá iná wa mu. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120 V, bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ má kì í bọ iná wa.

Èkejì, ẹ fi omi dán an wò. Ẹ bu omi dé ìdajì, ẹ dé e, ẹ yí i sí 1 fún wákàtí mẹ́jọ. Ó yẹ kí omi náà gbóná tó 85°C, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò náà kò dára fún oúnjẹ mọ́. Ohun tí a fi ń wọn ooru oúnjẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ibà. Ohun tí 2 ń sè ní wákàtí mẹ́rin, 1 a máa sè é ní bíi mẹ́jọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má kún un ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ẹ sì dín omi kù, nítorí ooru rẹ̀ kì í jáde. Ẹ má máa ṣí i wò: ṣíṣí kan lè fi ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀. Ẹran tí ó ti di yìnyín kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, àfi bí ó bá ti yọ́ tán. Bí ìkòkò amọ̀ náà bá ṣì gbóná, ẹ má da omi tútù sí i, kí ó má bàa sán.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó kàn wá jù: bí iná bá lọ ńkọ́? Bí ẹ bá wà nílé, ẹ tètè da oúnjẹ náà sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ sè é parí lórí èédú tàbí gáàsì. Bí ẹ kò bá sí nílé, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí iná ti lọ, ẹ dà á nù. Ó dunni, ṣùgbọ́n owó oògùn ju owó ẹ̀wà lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ará Amẹ́ríkà kan, Irving Naxon, ni ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú ìkòkò yìí ní ọdún 1936, ó sì rí i gbà ní 1940. Júù ni. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún un pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní ìlú Vilna, ní ilẹ̀ Lithuania, ìyá òun a máa rán òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti gbé ìkòkò ẹran àti ẹ̀wà lọ sí ilé aṣebúrẹ́dì. Ooru tí ó kù nínú ààrò a máa sè é títí di ọjọ́ kejì, nítorí wọn kì í dáná ní ọjọ́ Sábáàtì. Ẹ rí i pé ẹni tí ó ṣe ìkòkò yìí pàápàá, ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Àwa ní ìyá nílé, a kò gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, a tún se ẹ̀wà pupa náà kí a tó lọ sí Mísà. Nígbà tí a dé, tí a bù ú, Màmá di ṣíbí rẹ̀ mú, ó ní: «Ṣé ó hó?»

A ní: «Ó hó, Màmá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko.»

Ó jẹ ẹ́, ó sì ní kí a tún bù sí i fún òun.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bù sí oúnjẹ ilé yín o.