Alẹkisáńdíríà: Èbúté Tí Ó Yẹ Ní Rírí

Bí ẹnìkan nínú àwọn ènìyàn wa bá gúnlẹ̀ sí Alẹkisáńdíríà, ìlú èbúté Íjíbítì ní etí Òkun Mẹditaréníà, a kò ní kí ó má jẹ ẹja, a kò sì ní kí ó má gba atẹ́gùn òkun. Ṣùgbọ́n kí ó dé odi agbára tí Sultan Qaitbay bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1477, ní ibi tí ilé iná àtijọ́ tí ó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà wà kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó o. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ ilé ìkàwé ńlá tí a ṣí ní ọdún 2002, ní ìrántí èyí tí ó ti parun láti ayébáyé. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Nígbà tí rògbòdìyàn dé ní ọdún 2011, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́, wọ́n yí ilé ìkàwé náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́. Owó kò lè ra irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Alẹkisáńdíríà kọ́ ilé, ó sì kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ wo ilé náà dáradára, ṣùgbọ́n ọmọ ni kí ẹ bèèrè bí wọ́n ti ṣe kọ́ ọ.