Ìwé Orin fún Ọmọdé: Ẹ Kà Á Sókè Kí Ẹ Tó Mú Un

  Lẹ́ẹ̀tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìwé ni mo mú wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ.

Yàrá ìkàwé ọmọdé kan wà ní àdúgbò wa níbí ní Ọ̀tà. Ní Sátidé, wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n á ka ìwé alàwòrán fún wọn. Wọ́n wá fẹ́ fi oṣù kan gbáko ka ìwé tó dá lórí orin àti ìlù. Ni àǹtí tó ń bójú tó ibẹ̀ bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣà wọ́n." Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ òru, tí ìyá wọn ń tajà ní Ṣàngó. Yorùbá wà ńbẹ̀, Ẹ̀gùn wà ńbẹ̀, Ìgbò náà wà ńbẹ̀. Àdúgbò tó ń jẹ́ Ṣàngó rèé o, àmọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ mọ̀, wọn ò mọ ohùn bàtá.

Ẹnu ni mo kọ́kọ́ fi ń dán ìwé wò. Mo máa ń kà á sókè. Bí mo bá kà á dé ojú ewé kẹta, tí kò sí ibi tí ọmọ lè gbè é, tí ẹsẹ̀ kankan ò sì mì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kì í káwọ́ gbera gbọ́ àlọ́ nílé wa. Bí Ìjàpá bá ti kó sí wàhálà, orin dé nìyẹn, àwọn ọmọ á gbè é. Ìwé orin tí ọmọ kàn jókòó tẹjú mọ́ bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọ?

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń wo àwòrán. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kùnà. Wọ́n á ya ìlù kan tó rí bí odó, tí ènìyàn fi sáàárín orúnkún, wọ́n á kọ "ìlù Áfíríkà" sí i. Jẹ́ńbè nìyẹn, ti àwọn ará Málì àti Gínì. Ìlù tó dára ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n pè é. Dùndún ní ọsán láti ojú dé ojú. Bí onílù bá ṣe ń fún ọsán náà ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń lù ú. Ìyáàlù ní ṣaworo lára. Bàtá kò ní ọsán tí à ń fún. Ojú rẹ̀ kan tóbi, ìkejì kéré, bílálà aláwọ ni wọ́n sì fi ń na èyí tó kéré. Bí ayàwòrán bá gbé gángan kalẹ̀, tó ní kí ọmọ máa fi igi méjì lù ú, kò rí gángan rí nìyẹn.

Èyí tó tún dùn mí ni ti ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn. Igbá, ìgbà, igba, igbà: bí a bá kọ gbogbo wọn ní "igba" lásán, kí ni onílù fẹ́ fi kọ̀ǹgọ́ sọ? Dò, re, mí ni ìlù wa ń sọ. Ìwé nípa ìlù tí kò ní àmì, ìlù tí awọ rẹ̀ ya ni.

Nígbà tí a ń ṣà á lọ́wọ́, ìyá kan yọjú. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìlù, òrìṣà ló kàn, òun yóò mú ọmọ òun kúrò. Ẹ̀rù ba àǹtí, ó fẹ́ kó gbogbo ìwé onílù padà sínú páálí. Mo ní, "Màmá, gángan tí ẹ̀ ń jó tẹ̀ lé lọ síbi pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, ìlù kan náà mà ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà fún àwa náà. Ilé ìkàwé kì í ṣe igbódù. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ àkókò ìtàn di ibi tí à ń fà ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà dùn, ó tó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwọn ọmọ wa ṣẹ̀sín nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ onílù kan wà láàárín wọn tí kì í sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí àwòrán dùndún ṣí lọ́jọ́ Sátidé kan, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí ṣaworo, tó sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Mẹ́ta ni mo gbà níyànjú nínú àwọn tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń fi àwòrán hàn wọ́n, mo sì ń sọ ìtàn náà ní Yorùbá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Max Found Two Sticks, tí Brian Pinkney ará Amẹ́ríkà kọ ní 1994. Ọ̀rọ̀ ò wu ọmọ náà sọ. Ó he igi méjì, bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, igi ló fi ń dáhùn, lórí itan, lórí garawa, lórí ohunkóhun tó bá rí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí irú rẹ̀ máa ṣàjèjì sí. Ẹ kó agolo wàrà sílẹ̀ kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì kìlọ̀ fún aládùúgbò.

Anna Hibiscus' Song ti Atinuke, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, jáde ní 2011. Inú ọmọ náà dùn títí, kò mọ ohun tó lè ṣe sí i, ó ń bi àwọn ará ilé léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe; orin ló pàpà kọ. Ó bá àwọn tó kéré jù mu.

Ẹ̀kẹta ni Drum Dream Girl, tí Margarita Engle kọ ní 2015. Ọmọbìnrin kan ní Kúbà fẹ́ lùlù, wọ́n ní ọkùnrin nìkan ló wà fún. Wọ́n fà á yọ látinú ìgbésí ayé Millo Castro Zaldarriaga, tó lùlù nínú ẹgbẹ́ olórin Anacaona pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Kúbà yìí náà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé bàtá dé, "Iyá" ni wọ́n sì ń pe ìyáàlù rẹ̀ níbẹ̀ dòní. Ẹ kà á fún àwọn ọmọbìnrin yín.

Èyí tí mo ṣì ń wá ni ìwé alàwòrán kan lórí bàtá, ní Yorùbá, tó ní àmì ohùn pé. Ẹni tó bá ní in nílé, kó mú un wá bá mi lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Màá dá a padà láìya.