Àgbẹ̀ Kòkó àti Ẹni Tí Ń Rà Á

Ẹ̀yin ará wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ òwò kòkó ni a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí a gbé àpò lé òṣùwọ̀n ni àgbẹ̀ àti olùrà pàdé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdè wọn ti wà kí kòkó tó pọ́n.

Ní ayé àwọn bàbá wa, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó a máa fi owó lé alágbàtà lọ́wọ́. Alágbàtà a sì gbé e fún àgbẹ̀ ní ìgbà òjò, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, tí ọmọ sì ń béèrè owó ìwé. Ẹni tí ó bá ti gba owó náà, kò tún lè bá ẹlòmíràn ná ọjà. Owó ni okùn, gbèsè ni èèkàn.

Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí UAC, John Holt àti Cadbury wà nínú wọn, fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, kọ̀ láti tà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Nowell wádìí ọ̀ràn náà ní 1938, ó ní kí a pa àdéhùn náà tì. Ní Gbẹdun, létí Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ní 1937 kan náà, wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1935, kí wọn lè máa ta kòkó wọn pọ̀.

Ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947. Ní 1986 a tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ àti olùrà ti tún dojú kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ní 2008, Cadbury ṣe ìlérí mílíọ̀nù 45 pọ́n-ùn láàárín ọdún mẹ́wàá fún àgbẹ̀ kòkó ní Ghana àti ilẹ̀ mìíràn. Èéṣe? Igi kò so tó bí ó ti yẹ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi oko sílẹ̀. Bí kòkó bá tán, ẹ̀rọ yóò dúró.

Nítorí náà, olùrà ń fẹ́ àgbẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń fẹ́ olùrà. Bí a bá fi owó lọ̀ yín ṣáájú ìkórè, ẹ béèrè iye tí a ó san fún kòkó, àti ẹni tí yóò yẹ òṣùwọ̀n wò. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó yín pé ọjọ́, kí ẹ sì sá a gbẹ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àléébù tì í sí. Ẹ má sì dá nìkan lọ sí ibi òṣùwọ̀n; àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.