Kíki Kọ́ Ni Dídára: Èdè Ìperí fún Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnì Onítọ́bò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí mu gan-an. Orúkọ tí wọ́n bá fún nǹkan kì í dúró sínú ìwé nìkan. Ó máa ń bọ́ sí ẹnu àwọn tí ń fi nǹkan náà ṣiṣẹ́, a sì máa darí ọwọ́ wọn. Bí orúkọ bá ṣìnà, ọwọ́ a ṣìnà, ohun tí ènìyàn fi owó ńlá rà a sì bàjẹ́. Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá ń lò nípa ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀, pàápàá jù lọ ẹ́ńjìnì tí ó ní tọ́bò.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àti àwọn tí ń ta ọ́ìlì ní ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá ní ọ́ìlì kan ki dáadáa, ìyìn ni wọ́n fi yìn ín. Èyí tí ó bá ń ṣàn, wọn a ní ó dà bí omi, wọn a ní kò lágbára. Bí ọkọ̀ bá wá jẹ́ onítọ́bò, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ooru inú rẹ̀ pọ̀, ìmọ̀ràn tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé kí wọ́n wá ọ́ìlì tí ó ki jù lọ fún un. Báyìí ni 20W-50 ṣe ń wọ inú ẹ́ńjìnì tí àwọn tí ó ṣe é kọ 5W-30 sínú ìwé ìtọ́ni rẹ̀. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ti èdè ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n dì ní ẹrù méjì. "Ki" ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sí, wọ́n sì tún ń fi í sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré sí èyí tí ó wà láàárín gíga ènìyàn àti ọgbọ́n orí rẹ̀.

Ilé tí ó yẹ ní wíwò kí wọ́n tó sọ ọmọ yìí lórúkọ ni tọ́bò fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1905 ni Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi èrò tí ó bí i sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó wà fún títà, ìyẹn Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti ṣàlàyé. Èéfín gbígbóná tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì kì í lọ lásán. Ó ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan so fáànù yìí mọ́ èkejì, èkejì yìí ni ó sì ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tí ó lè jó a pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnì kékeré a sì ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù, èéfín tí ń yí i lè gbóná tó 900°C. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́bò, ọ̀pá náà kì í sinmi lé irin. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ti ń léfòó bí ó ti ń yí. Ọ́ìlì yìí kan náà ni ó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni ewu máa ń wà fún irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tètè dé ibẹ̀, èyí tí ó bá sì ki jù a máa pẹ́ lọ́nà. Èkejì ni ìgbà tí iṣẹ́ bá wọra: bí ọ́ìlì bá fẹ́lẹ́ jù nínú ooru, irin a kan irin. Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí awakọ̀ bá sáré wọlé tí ó sì pa ẹ́ńjìnì lójijì. Ọ́ìlì a dẹ́kun ṣíṣàn, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà lára tọ́bò; èyí tí ó kù síbẹ̀ lè jóná di èédú, kí èédú náà sì dí ojú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ọkọ̀ tí ó ti sá eré líle rọra ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó pa á. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kíki púpọ̀ ń pa èkíní lára. Èkejì ń fẹ́ kíki tí ó ṣe déédéé. Ẹ̀kẹta kò ka kíki sí. Ohun tí ó ń béèrè ni ọ́ìlì tí ara rẹ̀ le láti fara da ooru.

Ewu kẹrin kan tún wà tí ojú kò lè rí rárá. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kékeré onítọ́bò òde òní tí epo ń tú tààrà sínú wọn, iná lè ràn ṣáájú kí púlọ́ọ̀gì tó tan án, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń rọra yí tí ẹrù sì wúwo lórí rẹ̀. Ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ lè fọ́ písítìn. Àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì wà lára ohun tí ń fà á: bí kálísíọ́ọ̀mù bá pọ̀ nínú ọ́ìlì, ewu náà a pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n magnésíọ́ọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọ́ìlì méjì lè jọ jẹ́ 5W-30, kí ọ̀kan dáàbò bo ẹ́ńjìnì, kí èkejì sì fi í sínú ewu. Ẹni tí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ra ọ́ìlì náà wò láti mọ bí ó ṣe ki tó kò lè mọ èyí láéláé.

Ibi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Èdè Yorùbá kò tòṣì ní apá yìí rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ ju bí ó ṣe yẹ kí ó ní lọ. Pákó ni ó máa ń nípọn, aṣọ ni ó máa ń nípọn. Ṣùgbọ́n ògì ni ó máa ń ki. Ọbẹ̀ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ṣàn. Epo pupa a máa dì nígbà ọyẹ́. Ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè lára pákó àti lára ògì, Yorùbá ti yà á sí ọ̀tọ̀ láti ìdáná. Nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yá ọ̀rọ̀ viscosity wọ inú èdè yìí. "Ki" ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n "kíki" nìkan kò tó fún èdè ìperí. Kíki jẹ́ ipò tí nǹkan wà. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá ni òṣùwọ̀n tí ohun tí ó ki àti ohun tí kò ki jọ wà lórí rẹ̀. Èdè náà ti yanjú irú ìṣòro yìí rí nípa ooru. Omi tútù kò gbóná, síbẹ̀ ó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí ń rú lójú. Bákan náà ni ó yẹ kí ọ́ìlì tí ń ṣàn bí omi ní "ìwọ̀n kíki" tirẹ̀. Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìwọ̀n ooru tí ó ga ni ó dára jù fún gbogbo omi.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń fẹ́ àtúnṣe ni W tí ó wà nínú 5W-30. Ìgbà òtútù ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni lẹ́tà náà dúró fún. Bí wọ́n bá tú u bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń gbé Ìbàdàn, yóò dáhùn pé yìnyín kì í bo ilẹ̀ ní ìlú òun, nọ́ńbà náà kò sì kan òun. Òótọ́ ni pé −30°C ni wọ́n ti ń wo bí 5W ṣe ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí. Ṣùgbọ́n 100°C ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà kejì. Lójú ẹ́ńjìnì, òwúrọ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní 25°C tutù púpọ̀. "Nọ́ńbà tútù" àti "nọ́ńbà gbígbóná" ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa jẹ́: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnì tí kò tíì gbóná, èkejì fún èyí tí ó ti wọ iṣẹ́. Ó tún yẹ kí ó yé ènìyàn pé orúkọ ẹgbẹ́ ni 30, kì í ṣe iye ooru. Ọ́ìlì tí ìwọ̀n kíki rẹ̀ ní 100°C bá tó 9.3 mm²/s tí kò sì tó 12.5 ni ó ń jẹ́ 30. Ti 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3.

Ẹ̀kẹta ni dídára fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ẹgbẹ́ API ń fi sára gálọ́ọ̀nù ni ó ń sọ èyí: S fún bẹntiróòlù, C fún dísẹ̀lì, lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e sì ń sọ bí ìlànà náà ṣe jẹ́ tuntun tó. SN jáde ní 2010. SP tí ó jáde ní 2020 ní ìdánwò lórí iná tí ń ràn ṣáájú àkókò. "Ìpele ìdára" bá èyí mu. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà sì ní òfin tiwọn, bí 502 00 ti Volkswagen àti 229.5 ti Mercedes-Benz. "Ìlànà olùṣe" ni èyí. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ẹni tí ó fẹ́ ra ọ́ìlì lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta dípò ẹyọ kan.

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá lo Yorùbá fún kíki, tọ́bò náà yẹ kí ó ní orúkọ Yorùbá. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tọ́bò bá orúkọ rẹ̀ wọ ìlú, bí ẹ́ńjìnì àti písítìn ti ṣe, mẹkáníìkì tí kò ka ìwé sì mọ ohun tí ó jẹ́. Bákan náà ni ọ́ìlì. Bí wọ́n bá pe òun náà ní epo, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lè ra bẹntiróòlù wálé. Ó yẹ kí wọ́n yá orúkọ ohun tí ó bá orúkọ rẹ̀ dé. Ìwà ara nǹkan tí èdè ti mọ̀ láti ìdáná ni kò yẹ kí wọ́n yá orúkọ fún.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ́ìlì tí ó ki ti gba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì là. Wọn kò purọ́. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ó ti jẹ lè fẹ́ èyí tí ó ki díẹ̀, ìwé ìtọ́ni àwọn ọkọ̀ kan sì gbà kí wọ́n lo nọ́ńbà gbígbóná tí ó ga níbi tí oòrùn ti mú. Ṣùgbọ́n ìwé náà ni ó gbà á, kì í ṣe ìyìn tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láti 1970, nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ó ti hàn pé èdè yìí lè gbé ìmọ̀. Àkójọ èdè ìperí tí ó jáde ní 1984 sì ṣe púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Abẹ́ igi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ kù sí. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ onítọ́bò ń wọlé, ìwé ìtọ́ni wọn sì wà ní èdè tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún wọn ṣe kò kà dáadáa. Kí àwọn onímọ̀ èdè gbé ọ̀rọ̀ bí ìwọ̀n kíki, nọ́ńbà tútù, ìpele ìdára àti ìlànà olùṣe tọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe dún lẹ́nu wọn, kí wọ́n sì tún èyí tí kò bá bọ́ sí i ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.