Ẹ́ńjìnnì Ti Kú: Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Ra Tòkúnbọ̀?

Ó tó oṣù mẹ́ta tí Micra tí Bàbá Ìbejì fi ń ṣe kábúkábú ti ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí tó rí ẹmu ọ̀fẹ́. Láàárọ̀, kó tó gbéra ní Àgbowó, á bu ọ́ìlì kún un. Kó tó na Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ti gbẹ. Èéfín búlúù ń rú nídìí ọkọ̀ débi pé àwọn èrò ń fi ìborùn bo imú. Ọjọ́ Ajé kan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbàgbàgbà bí irin alágbẹ̀dẹ. Ọkọ̀ dúró. Èrò mẹ́rin bọ́ sílẹ̀, méjì gba owó wọn padà, ẹnì kan sì fi èébú kún un.

Wọ́n fi okùn fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ lẹ́bàá Challenge. Ìyẹn kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó ti dájọ́.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ lọ ra tòkúnbọ̀ ní Géètì, lọ́la ẹ ti wà lójú títì."

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì ní irọ́ ni, kó tú u, kó pààrọ̀ ríńgì nìkan, owó kékeré ni. Ọ̀rọ̀ wá di ti àlejò tó béèrè ọ̀nà, tí ẹnì kan nawọ́ sí ìlà-oòrùn, tí èkejì nawọ́ sí ìwọ̀-oòrùn.

Owó tí wọ́n sì ń sọ yìí, kò sí lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Àjọ Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń wò, èyí tó máa kó lọ́jọ́ Sátidé, tó fẹ́ fi ra èlùbọ́ pamọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Bódìjà kó tó tún gbówó lórí. Bí owó yẹn bá wọnú ẹ́ńjìnnì tí ẹ́ńjìnnì náà tún kú, ìsọ̀ á ṣófo, ọkọ̀ á dúró, owó ilé ìwé àwọn ìbejì á sì di gbèsè.

Kì í ṣe báyìí nígbà kan. Ní 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbó ń rí písítìnnì àti ríńgì tuntun rà. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP dé ní 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, ọkọ̀ àlòkù ilẹ̀ Òyìnbó gba ìgboro. Àwa Yorùbá sì sọ ọ́ ní Tòkúnbọ̀, bí ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun. Orúkọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Tòkúnbọ̀ mọ ìyá ọmọ, ó mọ bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó gba Kútọnu tàbí Èkó wọlé, ta ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ wà á?

Òun náà kò sì pọ̀ lówó pọ́ọ́kú mọ́. Nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023. Kí oṣù náà tó parí ó ti kọjá 700, nígbà tó sì di 2024 ó fo 1,500. Gbogbo ohun tó ń ti òkun wá ló bá a gòkè.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé Challenge, kò bèèrè iye owó. Ohun tó bèèrè ni pé:

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa á?"

Mẹkáníìkì wo ojú rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì a máa gbó ni.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá wọ àpò èlùbọ́ mi, mi ò ní gbé àpò tuntun síbi tí ti àkọ́kọ́ wà láìjẹ́ pé mo wo ilẹ̀ ibẹ̀."

Obìnrin náà kò mọ písítìnnì, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ rántí bàbá àgbà kan tó ní ẹ̀rọ léèdì ní Ring Road. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì wá.

Bàbá yìí kò yára tú nǹkan kan. Ó bèèrè irú èéfín tó ń rú. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jóná. Funfun tí kò tán bọ̀rọ̀, omi ló ń wọlé, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ló bẹ́. Dúdú, epo bẹntiróò ló pọ̀ jù, ìyẹn kì í sì í ṣe ikú ẹ́ńjìnnì rárá. (Àìmọye èèyàn ló ti ra ẹ́ńjìnnì nítorí èéfín dúdú!) Ó yọ plọ́ọ̀gì, ó fi aago kan wọn bí písítìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò lágbára. Ó wá kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò náà, ó tún wọn ọ́n, agbára gòkè. Ó ní ríńgì ló ti jẹ nìyẹn, ọ́ìlì tó kán sí i ló dí àlàfo fún ìgbà díẹ̀. Ká ní kò gòkè ni, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọn ì bá wò.

Ìgbà tí wọ́n tú u ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Omi ẹ̀rọ tí Bàbá Ìbejì ń bù sí rédíétọ̀ lójoojúmọ́ ti mú kí ìpẹtà dí inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ooru pa ríńgì, ríńgì jẹ́ kí ọ́ìlì máa jóná, ọ́ìlì gbẹ, irin sì ń ha irin lójú kíránkì. Ohun tó ń kàn gbàgbàgbà nìyẹn. Ẹ ò rí i pé tòkúnbọ̀ tí wọn ì bá gbé sí ìdí rédíétọ̀ yẹn, á kú ikú kan náà?

Bàbá oníléèdì ní ara ẹ́ńjìnnì kò sán. Kíránkì ṣeé fá, wọ́n á fi bẹ́árìn tó bá a mu sí i. Ojú silíńdà kò rí roboto mọ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á wọ slíìfù sí i. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ríńgì nìkan: ríńgì tuntun nínú silíńdà tí kò rí kìrìbìtì mọ́, èéfín á padà kí oṣù tó yí. Nínú ọ̀nà mẹ́ta, ìyẹn ló burú jù, nítorí owó á lọ, iṣẹ́ á sì tún ṣẹ́kù. Ó ní ká ní kíránkì já tó sì lu ara ẹ́ńjìnnì ni, òun fúnra òun ni òun ì bá lé wọn lọ sí Géètì.

Mẹkáníìkì kò fẹ́ gbà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni iṣẹ́ yẹn máa gbà, ọjọ́ mẹ́wàá tí awakọ̀ kò ní rówó. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Wọ́n bá jọ lọ sí ọjà Aráròmí ní Géètì lọ wo tòkúnbọ̀ náà. Orí ilẹ̀ ló wà, wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ń dán. Bàbá oníléèdì ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó ki ìka bọ̀ ọ́, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Ó ní kí wọ́n gbé bátìrì wá kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọlọ́jà ní kò sí bátìrì nítòsí. Ó bèèrè ìwé tó máa fi rà á, torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ìwé ṣe kí ọlọ́pàá má baà dá a dúró. Ọlọ́jà ní ọ̀la ni ìwé máa dé.

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èyí tó ń ṣàìsàn nílé, ó kéré tán, mo mọ àìsàn tó ń ṣe é."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó àjọ. Èlùbọ́ tó rà kò tó ìdajì iye tó ti pinnu. Kó tó san kọ́bọ̀ fún oníléèdì, ó padà sí Aráròmí, ó ra rédíétọ̀. Bàbá Ìbejì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní rárá, ó ká òṣùká, ó gbé e lérí, ó sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Challenge.